Ìdídò Amọ̀ àti Ààbò Àwọn Ará Ìsàlẹ̀ Odò

Omi ni ọ̀rẹ́ ènìyàn, omi sì lè di ọ̀tá rẹ̀. Omi tí a bù sínú ìkòkò ni a fi ń se oúnjẹ, òun náà ni a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n omi yìí kan náà, bí ó bá ya lójijì, a máa gbé ilé lọ, a máa gbé oko lọ, a sì máa gbé onílé àti olóko lọ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sé odò fi gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun ń ṣe kí ó tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀.

Ìyàrà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn ará Ìjùmú, pẹ̀lú àwọn ará Kàbà, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, ni a ń pè ní Okun, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ilẹ̀ wọn jẹ́ ilẹ̀ olókè àti olókùúta. Láàárín òkè kan àti èkejì ni àwọn odò kéékèèké ti ń ṣàn. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin ọdún, a sì máa rọ̀ títí di oṣù kẹwàá. Ní ìgbà òjò, odò tí ọmọdé fò kọjá lánàá lè di ohun tí àgbà kò lè là kọjá lónìí. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn odò kéékèèké a gbẹ, a sì máa ku iyanrìn àti òkúta nìkan.

Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn a máa ronú láti tọ́jú omi òjò de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ògiri tí a fi ń dá omi odò dúró ni a ń pè ní ìdídò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí dáàmù. Ìjọba ti ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Okun: ìdídò ńlá kan wà ní Ọ̀mì ní ilẹ̀ Yàgbà, tí a ṣe kí àwọn àgbẹ̀ lè máa fi omi rẹ̀ rin oko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó lè sé odò. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí ó sì ní owó lè ṣe ìdídò tirẹ̀. Ó lè fẹ́ sin ẹja níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìgbádùn nìkan ni ó ń wá: kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa jókòó létí omi ní ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n máa fi ìwọ̀ pẹja, kí wọ́n sì máa wa ọkọ̀ kékeré kiri. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹni náà má gbàgbé pé odò tí ó gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá kò parí sí orí ilẹ̀ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ odò ni àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, níbẹ̀ ni oko isu ẹlòmíràn wà, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń gbà kọjá láràárọ̀.

Ìwọ̀n omi tí a sé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ bí omi ti wúwo tó. Mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní jíjìn: omi tí ó bá kún irú àpótí bẹ́ẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, èyí tí í ṣe 1,000 kílógíráàmù. Ká ní ẹnì kan sé odò kékeré, tí adágún rẹ̀ sì gùn ní mítà 100, tí ó fẹ̀ ní mítà 50, tí ó sì jìn ní mítà 2. Ojú tí ó bá rí i yóò sọ pé ó kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, 10,000 tọ́ọ̀nù ni omi náà. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá lè gbé tọ́ọ̀nù 10, ẹgbẹ̀rún kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò gbé omi adágún kékeré yìí tán. Gbogbo ẹrù yìí ni ògiri amọ̀ kan ṣoṣo ń dá dúró lọ́sàn-án àti lóru. Bí omi bá sì ti jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ó fi ń ti ìdí ògiri ń pọ̀ sí i.

Bí a ti ń ṣe ìdídò amọ̀

Ìdídò amọ̀ kì í ṣe òkìtì yẹ̀pẹ̀ lásán. Ohun àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀. A ní láti ro gbogbo koríko kúrò, kí a hú gbogbo kùkùté àti gbòǹgbò, kí a sì gbẹ́ yàrà kan láti apá kan odò dé apá kejì, títí a ó fi kan ilẹ̀ líle tí omi kò lè gbà kọjá. Amọ̀ dáradára ni a ó fi dí yàrà yìí. Bí a kò bá gbẹ́ ẹ, omi yóò máa gba abẹ́ ògiri kọjá, gẹ́gẹ́ bí eku ti í gba abẹ́ ògiri wọ inú àká.

Ohun kejì ni amọ̀ fúnra rẹ̀. Iyanrìn kò lè dá omi dúró; amọ̀ tí ó gbẹ jù kò ní lẹ̀ mọ́ra, èyí tí ó tutù jù yóò sì máa yọ̀. Àwọn tí ń fi amọ̀ mọ ilé ní ayé àtijọ́ mọ èyí dájú, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń po amọ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó mọ ọ́n. Bákan náà ni ti ìdídò. A ó da amọ̀ tí ó ní ọ̀rinrin díẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí 20 lọ, a ó kì í mọ́lẹ̀ gírígírí, lẹ́yìn náà ni a ó tó da ìpele mìíràn lé e. Ẹni tí ó bá da gbogbo rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan náà láti dín owó kù ti fi àyè sílẹ̀ nínú ògiri fún omi.

Ògiri ilé a máa dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n ògiri ìdídò gbọ́dọ̀ da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní apá méjèèjì. Fún mítà kan tí ó bá ga, ó yẹ kí ìdí rẹ̀ nà tó mítà mẹ́ta ní apá tí omi wà, kí ó sì nà tó mítà méjì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ ní apá kejì. Koríko kúkúrú ni ó yẹ kí a gbìn sí i lára kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. A kò gbọ́dọ̀ gbin igi sí i rárá, nítorí pé gbòǹgbò igi a máa la ògiri, nígbà tí igi náà bá sì kú, gbòǹgbò rẹ̀ yóò jẹrà, yóò sì fi ihò sílẹ̀ fún omi.

Ohun kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ: ọ̀nà àkúnya. Ọ̀nà fífẹ̀ ni èyí, tí a là sí ẹ̀gbẹ́ kan, lórí ilẹ̀ líle tí Ọlọ́run dá síbẹ̀, kì í ṣe lórí amọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ dáadáa, kí omi òjò ńlá lè rí ibẹ̀ gbà jáde kí ó tó dé orí ògiri. Pẹ̀lú èyí, ó yẹ kí páìpù kan wà ní abẹ́ ògiri tí a lè ṣí, kí a lè máa fa omi adágún sílẹ̀ nígbà tí àtúnṣe tàbí ewu bá dé.

Ọ̀nà tí ìdídò fi ń ya

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ìdídò amọ̀ ń gbà ya. Èkíní ni kí omi gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sí amọ̀ tí ó lè fara da omi tí ń sáré lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Yóò kọ́kọ́ là á díẹ̀, ibi tí ó là yóò fa omi púpọ̀ sí i, láìpẹ́ ògiri yóò sì gé sí méjì.

Èkejì ni kí omi gba inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ihò tí òkété gbẹ́, ihò akàn, ilé ìkán, tàbí ibi tí páìpù kò ti lẹ̀ mọ́ amọ̀, gbogbo wọn ni ẹnu tí ògiri là. Omi yóò máa kó amọ̀ jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ihò kékeré yóò fi di ihò ńlá. Omi tí ó ń sun ní ìdí ògiri tí ó sì mọ́ gaara jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá dàrú, tí ó pupa bí àgbàrá, ara ògiri ni ó ń kó lọ, ewu sì ti dé tán.

Ẹ̀kẹta ni kí ògiri yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Èyí a máa ṣẹlẹ̀ bí ògiri kò bá da gẹ̀rẹ́ tó, tàbí bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, tàbí bí a bá fa omi adágún gbẹ lójijì nígbà tí ògiri ṣì rin gbindin. Sísán tí ó bá gùn lórí ògiri ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀.

Ìparun Johnstown

Ìtàn ìdídò tí àwọn ọlọ́rọ̀ lò fún ìgbádùn tí ó lókìkí jù lọ ní ayé ni ti South Fork ní Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ni ó kọ́kọ́ ṣe é kí ó lè máa fi omi ránṣẹ́ sí ojú omi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, ìjọba kò nílò rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1862, apá kan rẹ̀ ya, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ kò pọ̀ ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹnì kan tí ó rà á yọ àwọn páìpù irin tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀, ó sì tà wọ́n.

Ní ọdún 1879, Ẹgbẹ́ Apẹja àti Ọdẹ ti South Fork gba ibẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú Pittsburgh ni ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Andrew Carnegie àti Henry Clay Frick wà lára wọn. Wọ́n tún ògiri náà ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò fi páìpù mìíràn rọ́pò èyí tí a yọ. Koríko gbígbẹ àti ẹ̀ka igi wà nínú ohun tí a fi dí ibi tí ó ti ya. Wọ́n gé orí ògiri náà wálẹ̀ díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n kó ẹja sínú adágún, wọ́n sì fi àwọ̀n irin dí ọ̀nà àkúnya kí ẹja má baà sá lọ. Gbogbo ohun wọ̀nyí dára fún ìgbádùn, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó mú ààbò kúrò. Ní ọdún 1880, ilé iṣẹ́ irin tí ó wà ní Johnstown, ìlú tí ó wà ní máìlì 14 sí ìsàlẹ̀ odò, rán ẹlẹ́rọ kan lọ wo ògiri náà. Ẹlẹ́rọ náà sọ pé kò sí páìpù tí a lè fi fa omi sílẹ̀, àti pé ògiri ń jò. Àwọn tí ó ni ìdídò kò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún, ọdún 1889, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, adágún ti kún dé etí. Àwọn oníṣẹ́ sáré bu amọ̀ sí orí ògiri. Wọ́n gbìyànjú láti yọ àwọ̀n irin, ṣùgbọ́n pàǹtí ti dí i pa. Wọ́n gbìyànjú láti la ọ̀nà àkúnya mìíràn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ le. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rọ kan, John Parke, gun ẹṣin lọ kìlọ̀ fún àwọn tí ó wà nítòsí, wọ́n sì fi wáyà ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò. Ṣùgbọ́n láti ọdún pípẹ́ ni àwọn ará Johnstown ti ń gbọ́ pé ìdídò náà yóò ya, tí kò sì ya; púpọ̀ nínú wọn kò fiyè sí i. Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta kọjá ní ọ̀sán, ògiri tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 72 náà ya. Nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù omi já bọ́ sínú àfonífojì. Kò tó nǹkan ju wákàtí kan lọ kí ó tó dé Johnstown. Ènìyàn 2,209 ni ó kú. Àwọn tí ó pàdánù ẹbí wọn gbé ẹgbẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí owó ìtánràn kankan gbà.

Àwọn àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni èyí. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1988, ìdídò Bagauda ní ilẹ̀ Kano ya lẹ́yìn òjò ńlá. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò kan rọ̀ ní Ìbàdàn tí odò kún bo afárá àti ilé, títí kan àwọn àdúgbò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìdídò Ẹlẹ́yẹlé. Ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ni ó kú nínú ìkún omi náà. Ní ọjọ́ 9, oṣù karùn-ún, ọdún 2018, ìdídò amọ̀ kan tí ó wà nínú oko ńlá aládàáni ní Solai, ní ilẹ̀ Kenya, ya ní alẹ́ lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó pa ju ogójì ènìyàn lọ, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, omi ìdídò Alau já wọ ìlú Maiduguri, ó lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kúrò nílé, ó sì wọ ọgbà ẹranko, ó pa ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀. Bí a bá wo gbogbo wọn, ohun kan ni ó dọ́gba: ìgbà òjò ni ìdídò ń dán ẹni tí ó ṣe é wò.

Ta ni ẹrù náà wà lọ́rùn rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ John Rylands ní kí àwọn oníṣẹ́ ṣe adágún omi fún ilé iṣẹ́ òun. Ní ọdún 1860, omi náà já wọ inú kòtò èédú Thomas Fletcher. Rylands kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ adágún náà, kò sì mọ̀ pé ihò wà lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1868, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà dá Fletcher láre. Ìdájọ́ náà ni pé ẹni tí ó bá kó ohun tí ó lè ṣe ìpalára jọ sórí ilẹ̀ rẹ̀, òun ni yóò san gbèsè ohun tí ó bá bàjẹ́ nígbà tí ó bá já, ìbáà jẹ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìlànà yìí wà lára òfin Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà jogún. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ẹni tí ó ń jẹ adùn omi ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdídò ní Ìyàrà tàbí ní ibòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ẹlẹ́rọ tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ó gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ó sì jẹ́ kí ọba, àwọn ìjòyè àti gbogbo àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò gbọ́. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè láìfi olùṣọ́ tì í. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Olùṣọ́ náà yóò máa rìn lórí ògiri lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, àti lójoojúmọ́ nígbà òjò. Yóò máa wò bóyá ògiri sán, bóyá apá kan rẹ̀ rì, bóyá ìkán tàbí òkété ti wọ ibẹ̀, bóyá omi ń sun ní ìdí rẹ̀. Yóò máa kó ewé àti igi kúrò ní ọ̀nà àkúnya. Kò sì ní jẹ́ kí a fi àwọ̀n tàbí ọgbà dí i nítorí ẹja.

Bí ewu bá fara hàn, kí ó ṣí páìpù ìsàlẹ̀ kí omi lè máa dín kù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni kí a ké sí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kí wọ́n gun òkè. Ẹja tí ó lọ, a lè rí òmíràn rà. Ògiri tí ó wó, a lè tún un mọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ó bọ́ kò ṣe é rà lọ́jà.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò náà ní iṣẹ́ tiwọn. Kí wọ́n má ṣe kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà omi nítorí pé ibẹ̀ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá rí i pé odò tí ó mọ́ dàrú lójijì láìsí òjò, tàbí pé omi rẹ̀ kàn ṣàdédé pọ̀ sí i, kí wọ́n fi tó àwọn àgbà létí kíákíá. Bí a bá sì kìlọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sá ní ìgbà kọkànlá pẹ̀lú. Àwọn ará Johnstown ìbá mọ èyí, wọn ìbá tètè gun òkè.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn ilẹ̀ Okun máa ronú láti sé omi odò?
2. Adágún kan gùn ní mítà 60, ó fẹ̀ ní mítà 40, ó sì jìn ní mítà 3. Tọ́ọ̀nù mélòó ni omi inú rẹ̀?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín omi gaara àti omi tí ó dàrú tí ń sun ní ìdí ògiri?
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí Ẹgbẹ́ South Fork ṣe tàbí tí wọn kò ṣe, tí ó mú ewu bá Johnstown.
5. “Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.” Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ ṣàlàyé bí òwe yìí ti bá ẹ̀kọ́ yìí mu.
6. Kọ àròkọ lórí kókó yìí: “Ẹni tí ó ń jẹ adùn omi ni yóò ru ẹrù rẹ̀.”